Ṣé Màmá Ẹ Mọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kìíní

Ìwé adájọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí. Wọ́n ní kí Moucharafou máa rí Hàbíbà ọmọ wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Yopougon, ní Abidjan níbí, kí òṣìṣẹ́ wọn kan sì jókòó tì wọ́n. Kò gbọdọ̀ mú un jáde. Òun àti ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wà nínú yàrá. Faransé nìkan ni kí wọ́n máa sọ, kí òṣìṣẹ́ náà lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ń bára wọn sọ.

Mo ka ìwé yìí nínú gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré wa, láti Riviera níbi iṣẹ́ títí dé Niangon. Obìnrin tó jókòó tì mí ń wojú mi, bóyá ó rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni.

Ọkùnrin tó sọ fún mi ní oṣù kẹjọ pé òun ń mú ọmọ lọ wo òkun ní Bassam. Àfi bí àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Gánà ní Noé ṣe pè mí ní ìrọ̀lẹ́, pé ṣé mo mọ̀ pé ọmọ mi ń lọ sí Nàìjíríà. Èjìgbò ló ń gbé e lọ fún ìyá ẹ̀, kò sì sọ fún mi. Òun ni wọ́n ní kí n máa wẹ ọmọ fún, kí n máa di irun ọmọ fún. Mo mọ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ rí bàbá ẹ̀. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò ní kó má korò lẹ́nu mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé ọmọ ọdún méje?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kìíní

Kí n tó ṣàlàyé ohun kan, mo ní láti kọ́kọ́ tú ohun tí Màámi ti dì. Láti oṣù kẹjọ ni Màámi ti sọ fún ọmọ pé, “Bàbá ẹ ti lọ sí Èjìgbò. Iṣẹ́ ló bá lọ.” Bí àwọn èèyàn wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó sá fún gbèsè, wọ́n á ní ó lọ sílé. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ó lọ sílé. Ìyàwó tó kọ ọkọ, òun náà lọ sílé. Èjìgbò yóò ti kún báyìí.

Bẹ́ẹ̀, Moucharafou ò kúrò ní Adjamé níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá, wọ́n ní. Lọ́la ni òótọ́ máa bá tiwa, ní aago mẹ́ta.

Sátidé, 10 oṣù kìíní

Hàbíbà gbé búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá dání. Ó ní ebi á máa pa Papa, torí ọ̀nà ibi tó ti ń bọ̀ jìn. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ó wo àwọn bẹ́ǹṣì, ó wo àwọn obìnrin tó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé ibí ni mọ́tò Èjìgbò ti ń já èrò?”

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún wa ń jẹ́ Bintou. Obìnrin gíga ni, ohùn ẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní kí ọmọ máa pe òun ní Tàtá, bí àǹtí. Moucharafou wọlé pẹ̀lú agbádá bàsán tí wọ́n lọ̀ kó le gbagidi, bíi pé ìsọmọlórúkọ ló wá. Ọmọ fò mọ́ ọn lọ́rùn.

“Papa, ṣé ó ti rẹ̀ yín? Ṣé ọ̀nà jìn?”

Ó wò mí lórí èjìká ọmọ. “Ọ̀nà jìn gan-an ni, ọmọ mi.”

Ẹ ò rí i. Ó gba irọ́ Màámi wọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rán fún un. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síta, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kìíní

Ó ní tó bá jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni Papa máa ń ti Èjìgbò bọ̀, kí ó kúkú máa sùn lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìyà pọ̀ jù fún un. Èmi tí ìyà jẹ, kò sẹ́ni tó gbé búrẹ́dì wá fún mi.

Sátidé, 17 oṣù kìíní

Tàtá Bintou pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Madame Ganiatou, ọmọ yín ń bi mí pé aago mélòó ni mọ́tò bàbá òun máa gbéra. Kí lẹ sọ fún un?”

Ojú tì mí. Mo ní ìyá mi ló sọ ọ́.

“Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kó má gùn. Ẹ má bú bàbá ẹ̀, ẹ má sì gbè é.”

Bí ẹni ń sọ pé kí n lọ bu omi wá. Kí n má bú u, ó gbọ́. Ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ láì bú u ni n kò tíì rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kìíní

Mo gbìyànjú. Mo ní bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń dúró ti àwọn ọmọ nígbà eré kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa, bẹ́ẹ̀ ni Tàtá Bintou ṣe ń jókòó tì wọ́n. Ó ronú sí i títí.

“Ta ni Papa fẹ́ ṣe léṣe?”

Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó ní, “Èmi ńkọ́, ta ni mo fẹ́ ṣe léṣe?” Mo ní kó lọ fọ eyín ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù kìíní

Àlàájì Tidjani wá pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò méjì. Màámi sáré gbé bísáàpù tútù, omi sobo, fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, mo ti mọ ibi tí àdúrà bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

“Ganiatou, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.”

“Àlàájì, ẹ má bínú. Èmi àti ẹ̀ ò ṣọ̀rẹ́ mọ́ kí n tó mọ ọ̀nà kóòtù.”

“Ṣé bàbá ń jí ọmọ ẹ̀ gbé ni? Ilé ló ń mú un lọ. Kó gbọ́ èdè, kó mọ ìyá bàbá ẹ̀. Ìwọ náà, ṣebí ilé lo gbé dàgbà? Kí ló wá ṣe ẹ́?”

Torí pé àgbà ni, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n lọ, mo jókòó, mo ń rántí ìrìn tèmi sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Màámi ní, “A fẹ́ lọ kí ìyá àgbà.” A dé Èjìgbò, mo jẹun, mo sùn. Nígbà tí mo jí, mọ́tò Màámi ti gbéra. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi di ọ̀dọ́mọbìnrin. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo fi ń kọ ìwé yìí, tí Hàbíbà ò lè kà. Ìyá àgbà fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Oúnjẹ ò wọ́n mi. Àmọ́ gbogbo mọ́tò tó bá ti Abidjan dé ni mo máa ń sáré lọ pàdé, títí ẹsẹ̀ mi fi gbọ́n.

Mo sọ ọ́ fún Màámi lónìí, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń kó àwọn ife, kò wojú mi.

“Ṣé o kú ni?” ni gbogbo ohun tó sọ.

Sátidé, 31 oṣù kìíní

Moucharafou kò wá. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn títí, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sí wa lójú. Lẹ́yìn tí ó pẹ́ ló tẹ Tàtá Bintou láago pé fíríìjì oníbàárà kan ló dá òun dúró.

Hàbíbà ní, “Mọ́tò wọn ló bà jẹ́ lọ́nà.” Ó ti wá àwíjàre fún un kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

“Hàbíbà, Papa ò sí ní Èjìgbò. Adjamé ló wà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Kò kúrò níbẹ̀ rárá.”

Ó fún ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ní búrẹ́dì tó gbé wá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ló tó bi mí pé, “Ṣé ìyá àgbà mọ̀?” Mo ní Màámi mọ̀. “Ẹ̀yin náà mọ̀?” Mo ní mo mọ̀.

Ó wọlé, kò kí Màámi.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kejì

Ó ti ń tọ̀ sórí ibùsùn láti ọjọ́ Àìkú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọyẹ́, nǹkan tètè ń gbẹ. Màámi ní èmi ni mo fi òótọ́ dá ọmọ láàmú. Mo ní kí ẹni tó fi irọ́ tọ́ ọ wá máa sá ibùsùn sóòrùn.

Sátidé, 7 oṣù kejì

Ó wá lónìí, ó mú bẹ̀bí kan wá tó ń sọ̀rọ̀. Tàtá Bintou ní ọmọ bi bàbá ẹ̀ pé kí ló dé tó fi ní ọ̀nà jìn. Mo ní kí ni èsì ẹ̀. Ó ní ó rẹ́rìn-ín ni, ó tún bátìrì bẹ̀bí ṣe.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kejì

Àwọn ọmọ kì í lọ sí ilé-ìwé ní Ọjọ́rú, èmi náà sì gba ààyè níbi iṣẹ́. A jókòó sí ẹ̀yìn ilé, à ń ṣa ẹ̀wà. Ṣàdéédé ló ní, “Èmi ni mo fà á.”

“Kí lo fà?”

“Ọ̀rọ̀ Papa. Ọlọ́pàá yẹn, ní Noé, ó fún mi ní bisikíìtì, ó wá bi mí pé, ‘Ṣé màmá ẹ mọ̀?’ Mo ní rárá. Ká ní mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá jẹ́ ká kọjá. Wọn ò ní máa ṣọ́ Papa.”

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Láti oṣù kẹjọ ni ọmọ yìí ti ń gbé ẹrù yìí kiri, ó ń gbé e lọ sí ilé-ìwé, ó ń gbé e sùn. Èmi ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé bẹ́ǹṣì àti ilẹ̀kùn fún un. Mo sunkún lójú ẹ̀, n kò fi pa mọ́.

Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Òótọ́ ẹ ló gbé ẹ padà wá sílé. Ìwọ kọ́ lo ṣe ohun tí kò dáa. Àgbà tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ sọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà kejì. Papa ò sọ. Ìyẹn ni adájọ́ fi ní kí ẹnì kan máa jókòó tì yín, kí ẹ lè máa ríra, kí èmi náà lè máa mí.”

“Papa ò fẹ́ràn mi?”

N kò lè sọ bí ẹnu mi ṣe wúwo tó. “Ó fẹ́ràn ẹ.”

“Ó fẹ́ràn mi, ó sì ṣe ohun tí kò dáa.”

“Méjèèjì.”

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Mo wá sọ fún un pé ìbéèrè ọlọ́pàá yẹn dáa, kí ó mú un, kí ó fi ṣe tiẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ó bá òun lọ, ìbáà jẹ́ Papa, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà, ìbáà jẹ́ èmi, kí ó bi í pé ṣé ẹni kejì mọ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, kó jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Màámi rán an pé kó lọ ra iyọ̀ wá níwájú ilé. Ó dúró, ó ní, “Ṣé Màmá mọ̀?” Màámi pòṣé títí. Èmi rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kejì

Ibùsùn gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kejì

Ààwẹ̀ ti mú. Ṣúgà ti gbówó lórí, àlùbọ́sà ò ṣeé wò lójú. Mo ń ta oògùn fáwọn èèyàn ní Riviera pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ. Ọ̀gá mi ní kí n máa fi ọ̀yàyà dá àwọn oníbàárà lóhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹta

A ń ṣínu lọ́wọ́. Hàbíbà ń po kókò ẹ̀ yíká, kò mu ún.

“Màmá, Papa ní kí n má sọ fún yín.”

Mo gbé ife mi kalẹ̀. Ó ní lánàá, nígbà tí àkókò pé, Papa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá òun de okùn bàtà. Tàtá Bintou ń ṣí ilẹ̀kùn. Papa wá sọ̀rọ̀ sí òun létí, kì í ṣe Faransé. Ọmọ yìí kì í fi Yorùbá dáhùn, àmọ́ ó sọ ọ́ bí bàbá ẹ̀ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn Èjìgbò: “Tí a bá ti túnu ààwẹ̀, èmi àti ẹ, ilé yá.”

“Kí lo wá sọ?”

“Mo bi wọ́n pé ṣé Màmá mọ̀. Wọ́n ní rárá, àṣírí wa ni.”

Mo gbá a mọ́ra. Orí mi wú, ọkàn mi sì ń gbọ̀n, n kò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀. Inú ọ́fíìsì ìjọba, lábẹ́ imú ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ! Ọkùnrin yìí ò ní yé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Tàtá Bintou kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó bínú, ó hàn lójú ẹ̀. Ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí adájọ́ lónìí. Mo ní Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó ní títí adájọ́ á fi dáhùn, àṣẹ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Òun á máa súnmọ́ wọn sí i. Moucharafou kò ní de okùn bàtà ọmọ mọ́.

Okùn bàtà ni wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ mi. Mo dúpẹ́.

Sátidé, 7 oṣù kẹta

Moucharafou dúró dè mí lẹ́nu géètì ọ́fíìsì nígbà tí Hàbíbà ti wọlé.

“O ti sọ ọmọ mi di amí.”

“Ìwọ lo fún un ní ohun tó ń ròyìn.”

“Ganiatou, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ tó. Ilé ni ọmọ mi ń lọ. O fẹ́ kó dà bí àwọn tí wọn ò mọ orírun wọn, tí wọ́n ń pe ìyá bàbá wọn ní madame?” Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. “Ìyá mi ti ń dárúgbó. Kò tíì fojú kàn án rí.”

Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe irọ́. Ká ní ó ti bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ sí Noé, bóyá èmi náà ni mo máa di ẹrù wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́,” ló fi dá mi lóhùn, ó wọlé lọ bá ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta

Adájọ́ ò tíì dáhùn. Ìtúnu ti kù díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún níbi iṣẹ́, Noé ni mo máa ń gbọ́.

Mo ti pe Idrissa, àbúrò mi, ní Bouaké. Ó ní kí n máa bọ̀, yàrá wà, ilé-ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí adájọ́ wá wa débẹ̀. Màámi gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, “O ṣé, ojú ẹ ti là.” Láti oṣù kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa yìn mí. Ó yẹ kí ìyẹn kọ mí lóminú.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta

Mọ́tò ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ bá lọ. Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo tètè dé. Mo di báàgì kan péré, kí àwọn aládùúgbò má baà bi mí léèrè. Òjò ti ṣú sókè, òjò àkọ́kọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú Hàbíbà, mo ń de okùn bàtà ẹ̀.

“Níbo là ń lọ?”

“A fẹ́ lọ kí Tọ́ntọ́n Idrissa.”

Mo gbọ́ ọ létí ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo de ẹsẹ̀ kan, mo mú ìkejì.

“Màmá, ṣé Papa mọ̀?”

Mo ń fa okùn náà le.

“Tàtá Bintou ńkọ́?”

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti là. Ojú tó fi ń wò mí ni kò jẹ́ kó jáde, kì í ṣe ojú ọmọ tó fẹ́ mú èèyàn, ojú ọmọ tó ń bẹ̀ mí ni.

“Rárá,” ni mo wí. “Wọn ò mọ̀.”

Ó rọra yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn èyí tí mo ti dè. Kò sunkún. Kókó tí mo ta le jù fún un, àmọ́ kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́.

Màámi yọjú láti ìta. “Ẹ̀yin, mọ́tò ò ní dúró dè yín o.”

“Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Màámi.”

“Kí lọmọ yẹn ń ṣe nílẹ̀?”

“Ohun tí mo kọ́ ọ ni.”

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ, ó sì wá ń wo èmi. Nígbà tó yá ó wọlé, ó gbé báàgì náà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń yọ àwọn aṣọ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí kò bi mí pé, “Ṣé o kú ni?”

Sátidé, 14 oṣù kẹta

A lọ sí ọ́fíìsì. Hàbíbà de bàtà ẹ̀ fúnra ẹ̀. A débẹ̀ ṣáájú bàbá ẹ̀.